Kọ̀ǹpútà Tó Pè Mí Lólè

Ní ọdún 2018, ẹnìkan mú àròkọ kan tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn, ó dà á kọ látòkè délẹ̀, ó yọ orúkọ mi kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i, ó sì gbé e sórí Facebook. Àwọn èèyàn ń kí i lọ́tùn-ún lósì pé ó kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi nínú yàrá mi ní Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i. Mo pè é lólè. Mo pè é ní gbájú-ẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ pé kí èèyàn máa kórè oko tí kò gbìn.

Níbi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò ta á lára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ojú mi ṣèèṣì bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ojú mi ti mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí i mọ́, gẹ́gẹ́ bí èèyàn kì í ti í rí ọ̀dà tó ti ṣí lára ògiri ilé ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé Windows tó wà nínú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ojúlówó.

Èmi ló ń bá wí.

Ẹ má rò pé mo fa lẹ́tà náà ya o. Mo parí rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́. Ọkùnrin náà yọ àròkọ mi kúrò níbi tó gbé e sí, kò bẹ̀ mí, kò sì dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó wà ní igun yẹn ti ń wò mí, tí èmi náà sì ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Ní 2013 ni mo ra kọ̀ǹpútà náà ní Ìkẹjà, ní ọjà tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village. Tòkúnbọ̀ ni, irú àwọn tí ilé iṣẹ́ òkè òkun ti lò títí tó fi sú wọn. Mo gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa. Ẹnjiníà la máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kankan. Kí ni tèmi nínú ìyẹn? Èmi náà kò kọjá ìwé mẹ́wàá, wọ́n sì ń pè mí ní akọ̀ròyìn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò tí ń darí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà. Windows ni dírẹ́bà tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ló ni ín, títà ni wọ́n sì ń tà á. Ẹnjiníà gba 2,000 náírà lọ́wọ́ mi, ó fi Windows 7 sínú ẹ̀rọ náà, ó sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní kíráàkì ṣí i, bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ àyédèrú ṣílẹ̀kùn. Kọ́bọ̀ kan nínú 2,000 yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe Windows.

Ṣé ó dà bí olè lójú mi nígbà náà? Rárá. N kò rántí ẹnìkan ṣoṣo láàrin àwọn ojúlùmọ̀ mi tó sanwó Windows rí. Àwọn tó ń tẹ ìwé fún ọmọ ilé ìwé, àwọn tó ń ta káàdì ìdánwò, títí dé orí àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, kíráàkì ni gbogbo wa ń lò, a sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Ta ló ń sọ ọ́ ní gbangba pé ewúrẹ́ tí òun jí lòun fi ṣe ọdún?

Àwíjàre wa kò ṣòro láti rí. Lákọ̀ọ́kọ́, owó rẹ̀ kì í ṣe owó wa. Windows 11 tí wọ́n ń tà fún ará ilé lásán ní Amẹ́ríkà, 139 dọ́là ni. Bí a bá yí i sí náírà, ó tó nǹkan bí 200,000, nígbà tó jẹ́ pé 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ ní 2024. Òṣìṣẹ́ yóò ha fi iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ra dírẹ́bà fún mọ́tò tó rà ní àlòkù? Èkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ewúrẹ́ tí a bá jí, olówó rẹ̀ kò ní ewúrẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Windows tí a bá dà kọ, Windows Microsoft ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Kí ló wá sọnù?

Àlàyé yìí dùn mọ́ mi títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo ń kọ lẹ́tà yẹn. Àròkọ tèmi náà kò kúkú sọnù. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi níbẹ̀, kómà kan kò yẹ̀ lára rẹ̀. Kí ló dé tí n kò lè jẹun? Ìdí ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, mo wọ mọ́tò láti ibí dé Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀, ẹlòmíràn wá ń jẹ èrè làálàá tí kò ṣe. Ohun tó tún jẹ́ kí ó burú ni pé láti 1988 ni òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ. Lójú òfin ilẹ̀ wa, iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹni tó kọ Windows ń ṣe.

Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún. Igi gẹdú wà lára ohun tí a fi ń jẹun láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ìró ẹ̀rọ ìlagi ni a fi ń jí. A mọ igbó ọba tó ń jẹ́ Omo, tí ìjọba òyìnbó fi òfin yà sọ́tọ̀ ní 1925. A sì mọ̀ pé àwọn kan ń wọ inú rẹ̀ lóru lọ gé igi láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á ní igi ìjọba ni, kò ní olówó. Ohun tí kò ní ojú, tí a kò mọ ilé ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, kì í jọ pé a jí i. Ìjọba kò lójú. Microsoft kò lójú. Ẹni tó gbé àròkọ mi pàápàá, bóyá n kò lójú lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Èmi fi í ro ara mi wò, kò sì tu mí lára.

Síbẹ̀, n kò yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe fún Windows 7. Mo tún gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Ẹnjiníà, ó gba 3,000, ó fi Windows 10 sí i, kíráàkì náà ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rí ọkàn ti na ìka sí mi nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ pé fún Windows 10 náà. Ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe parí lẹ́ẹ̀kan. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọ̀daràn ń wá ihò lára rẹ̀, tí àwọn tó ni ín sì ń dí i. Bí wọ́n bá dẹ́kun dídí i, ihò á máa pọ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé, ó sì da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti dí ihò náà. Àwọn tí kò gba àtúnṣe ló bá. Àwa oníkíráàkì ńkọ́? Púpọ̀ nínú wa ló ti pa àtúnṣe tiwa láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n má baà tipa bẹ́ẹ̀ mú wa.

Windows 11 ló kàn, ṣùgbọ́n Windows 11 kò fẹ́ ẹ̀rọ mi. Ó ń bèèrè ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń fẹ́ irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 2018 síwájú. Tèmi ti ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù kí ìyẹn tó jáde láyé. Mọ́tò ṣì ń rìn, dírẹ́bà ní òun kò wọ irú rẹ̀ mọ́.

Ẹnjiníà kò mikàn. “Ọ̀gá mi, ọ̀nà kan kò wọjà. A máa fi ọgbọ́n gbé Windows 11 wọ̀ ọ́ bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹ mú 5,000 wá.” Mo ti ń tọwọ́ bọ àpò. Ọlọ́run ló yọ mí pé ọjọ́ Sátidé ni, ọmọ àbúrò mi obìnrin sì wà nílé. Àgọ́-Ìwòyè ló ti ń kàwé, ní Olabisi Onabanjo University. Ó ń jẹ gúgúrú níbi tó jókòó sí, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá:

“Dádì, ẹ ṣe sùúrù ná. Kò pọn dandan kí ẹ jí nǹkan.”

Ọmọ yìí kò mọ̀ nípa lẹ́tà mi ti 2018. Kò mọ ohun tí ojú mi rí. Ó kàn ń jẹ gúgúrú rẹ̀ ni.

Ó ní Linux ni ká fi síbẹ̀. Ó padà wá ní Sátidé kejì, ó ti lo détà ilé ìwé gbé ọ̀kan tó ń jẹ́ Linux Mint sórí fíláàsì, èyí tí wọ́n ṣe ní fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Mo ra pẹtiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀, nítorí bí NEPA bá mú iná láàrin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbákò ni. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò láti orí fíláàsì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Mo wo fọ́tò, mo tẹ lẹ́tà, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà náà ló wá bi mí bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù.

Àyà mi já. Iṣẹ́ ọdún méjìlá ló wà níbẹ̀. A ti kọ́kọ́ fara balẹ̀ kó àwọn àròkọ mi àti fọ́tò ìsìnkú ìyá mi sínú dísìkì kan lọ́tọ̀. Níbi tó ti ń kó wọn ló ti bá àpò fáìlì kan pàdé tí mo sọ ní “Ìwé Yorùbá”. Ìwé mọ́kànlá ni, ìtàn àròsọ àti eré onítàn, tí àwọn kan ya ní fọ́tò láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

“Dádì, èyí ńkọ́? Ṣé ká kó òun náà?”

Mo ní kó kó o. Màá padà sórí èyí.

Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Kọ̀ǹpútà náà kò di ọmọdé o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí mo bá ṣí nǹkan púpọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa mí gúlegúle. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ya àwòrán ìwé kọ̀ jálẹ̀, kò bá a ṣe títí di òní. Ṣùgbọ́n ó ń tètè dìde, ó ní ohun ìkọ̀wé tó ń jẹ́ LibreOffice tó ń ṣí gbogbo àròkọ mi àtijọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tọrọ rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ní dópin títí di 2029. Mo wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Aago ló wà níbẹ̀.

Mo bi ọmọ náà pé èló ni owó rẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Èmi kò gbà. Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́?

Ohun tó sọ fún mi, tí mo sì lọ wádìí fúnra mi, rèé. Ní 1983, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman kéde pé òun yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni yóò lómìnira láti lò, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún ṣe, àti láti fún aládùúgbò rẹ̀. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń kàwé ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kọ ọkàn ètò tó di Linux, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Àwọn kan kó Debian jọ lé e lórí ní 1993. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde lórí Debian ní 2004, orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè wọn lọ́hùn-ún, tó dúró fún pé ọmọ ènìyàn ló ń gbé ara wọn ró. Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ Mint tèmi sí. Kì í sì í ṣe pé ebi ń pa gbogbo wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí Google, Intel àti IBM ń sanwó oṣù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, nítorí wọ́n ń lò ó.

Lójú tèmi, ọ̀wẹ̀ ni. Bàbá mi máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kọ́lé. Àna, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́, gbogbo wọn á wá, wọn á po ẹrẹ̀, wọn á mọ ògiri, a ó sì se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ilé náà ní ilé olè.

Nígbà tí Ẹnjiníà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo ń bá Microsoft sọ. “Ọ̀gá mi, àwọn òyìnbó tó kó ère Benin lọ ní 1897, ta ló pè wọ́n lólè títí dòní? Igi gẹdú wa dà? Kọ̀ǹpútà òkú tí wọ́n ń dà sí wa lọ́rùn ńkọ́? Bí mo bá mú Windows kan, gbèsè ni mo gbà.”

N kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network wá wo ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Nínú ìròyìn wọn, nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ló ń wọlé lóṣù kan, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn kò sì ṣe é tà, kò ṣe é tún ṣe, ààtàn ni wọ́n ń dáná sun wọ́n sí. Ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gba gbèsè kì í pa iná kó tó wọlé. Mo bi Ẹnjiníà pé nínú gbogbo owó tó ti gbà lórí kíráàkì, èló ló ti fi ránṣẹ́ sí Ọba Benin? Ó ní mo ti ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún ní bí gbogbo èèyàn bá gba ọ̀fẹ́, kí lòun yóò jẹ? Ọmọ àbúrò mi ló dá a lóhùn pé òfin Linux kò ní kó má gbowó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó da ohun tó wà lórí fíláàsì náà kọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ti fi í sínú ẹ̀rọ mẹ́ta báyìí. 5,000 náà ló ń gbà.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni tèmi. Ǹjẹ́ mo ti di olóòótọ́? Bí ẹ̀rọ mi bá gba Windows 11 wọ́ọ́rọ́wọ́, mo mọ ohun tí n bá ṣe, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká tán tó ní òun kò jẹ eegun mọ́, ṣé ó yẹ ká kí i fún ìkóra-ẹni-níjàánu? Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ní kí n yé da ara mi láàmú: ẹni tí wọ́n ń jà lólè tẹ́lẹ̀, wọn kò jà á lólè mọ́, ó tán. Kò tán lójú tèmi. Ṣùgbọ́n mo gbà pé apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ìyá mi máa ń ti ilé ìdáná. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé wa ni. Lẹ́yìn tó kú ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé kì í tì í lọ́jọ́ tí ẹran bá pọ̀ níkòkò. Ìgbà tí kò bá tó ló ń tì í. Ó mọ̀ pé bí ebi bá pọ̀ jù, òótọ́ á wọ́n. Àwọn tó ṣe Linux, yálà wọ́n rò ó tàbí wọn kò rò ó, wọ́n sọ òótọ́ di ohun tí apá tálákà ká. Kò sọ mí di olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba àwíjàre mi kúrò lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dín owó rẹ̀ kù fún mi. Ìwé mọ́kànlá yẹn. Àwọn tó kọ wọ́n kì í ṣe Microsoft. Tíṣà ni wọ́n, akọ̀ròyìn bíi tèmi ni wọ́n, èdè wa yìí ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀dà kan tó bá tà, wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ kan sì bi mí bóyá kí òun kó wọn, kọ̀ǹpútà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di mímọ́ lọ́wọ́, mo ní kó kó wọn.

Mo ti yí orúkọ àpò fáìlì náà padà. “Gbèsè” ni mo ń pè é báyìí. Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọ̀kan rà, mo máa ń pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rí méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo rí méjì mìíràn ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán, síbẹ̀ mo san owó tí wọ́n pè. Ó ku méje. Mẹ́rin nínú wọn ṣì wà lórí igbá bí owó bá wà. Mẹ́ta tó kù, wọn kò tẹ̀ wọ́n mọ́, àwọn tó kọ wọ́n ti kú, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sanwó fún. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ní alẹ́ àná. Mo kà á dé ojú ìwé ogójì.